Òfin Ẹ̀kọ́, Ìlera àti Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 1952

Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni àwọn ará ìlú máa ń pè ní òfin ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀kan ni òfin gan-an, èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jíròrò lé lórí tí gómìnà sì buwọ́ lù. Èkejì ni àṣẹ tí gómìnà pa fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìkéde, tàbí lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ àti owó òṣìṣẹ́, ńṣe ni wọ́n da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ọdún fi ń takora láti ìwé kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ pa òfin rẹ́ gbọ́dọ̀ padà sílé aṣòfin, ṣùgbọ́n ìkéde lè bá ìjọba tó ṣe é lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ilé aṣòfin tó dé Ìbàdàn, ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni gbogbo rẹ̀ wà: òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1887 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún Èkó nìkan, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dé ní 1938, èyí tó jẹ mọ́ owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e ní 1941.

Òfin ìlú ọdún 1951 ló fún àwọn ẹkùn ní ilé aṣòfin tó lágbára lórí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, gbé àbá rẹ̀ síwájú ilé náà: kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kó kárí gbogbo ọmọ, kó sì di dandan. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ ń lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ètò tuntun sọ ọ́ di mẹ́fà. Fún àwọn tó bá ṣe tán tí wọn kò ráyè wọ girama, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀.

Owó ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) bu owó orí àkànṣe lé àwọn ará ìlú fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, sílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ojú gbogbo èèyàn pọ́n. Bàbá tó ti ń san owó orí tẹ́lẹ̀ kò rí ìdí tí wọ́n fi ní kó tún san òmíràn nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tíì kọ́, ìyẹn ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan kíláàsì. Nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) gba ìjókòó 23 ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, Ọlọ́pẹ gba 18, lórí ilẹ̀ ara wọn. Àwọn kan kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọba àti ìjà inú ìlú ló fa ìṣubú náà. Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí owó orí náà kò ti ta sí i. Ìjọba kò yí padà. Ìyẹn ni ohun tó yẹ ká fi yìn wọ́n jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955 ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ìbí, nítorí náà olùkọ́ ní láti fi ojú àti ọwọ́ mọ ọjọ́ orí: ọmọ á na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, bí kò bá kàn án, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ kan fi orí tẹ̀, àwọn òbí kan ti ìgbọ̀nwọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Àwọn tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ lé ní ìlọ́po méjì iye tí ìjọba fojú sọ́nà fún. Àpapọ̀ ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Ní 1955 ó di nǹkan bí 811,000. Kí ọdún 1960 tó pé, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Olùkọ́ kò tó, wọ́n fi àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ dí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ohun tí ẹ̀kọ́ ń jẹ nínú ìṣúná ẹkùn náà sún mọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, owó kòkó sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Àríyànjiyàn mẹ́rin ló yí ètò yìí ká. Èkíní ni ti ọdún òfin náà: àwọn ìwé kan pè é ní òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1954, àwọn mìíràn ní 1955. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí kò ní àríyànjiyàn, ó sì tó. Èkejì ni bóyá ẹ̀kọ́ náà jẹ́ dandan. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú àbá 1952. Ṣùgbọ́n àbá kì í ṣe òfin, kò sì sí ìgbà tí ìjọba ẹkùn náà mú bàbá tàbí ìyá lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé ọmọ jókòó sílé. Ọ̀fẹ́ ni, dandan kọ́. Ẹ̀kẹta ni pé Èkó jàǹfààní rẹ̀. Ìlú Èkó gan-an ti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn ní 1954, ó bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ ní 1957. Àwọn ọmọ Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì ló wà lábẹ́ ètò ti Ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ̀kẹrin ló gbóná jù: ta ló ni ètò náà, Awólọ́wọ̀ tàbí Awókọ̀yà? Orúkọ Awókọ̀yà ló wà lórí àbá, òun ló ṣe ìṣirò rẹ̀, òun ló sì dúró gbèjà rẹ̀ ní ilé aṣòfin. Nígbà tó yá ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pínyà, orúkọ rẹ̀ sì rọra ń pòórá nínú ìtàn tí ẹgbẹ́ ń sọ. Awólọ́wọ̀ ni aṣíwájú ìjọba, lórí rẹ̀ ni ìbínú owó orí sọ̀ kalẹ̀ sí, kò sì sí mínísítà tó lè na irú owó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé aṣíwájú fọwọ́ sí i. Àwọn tó bá fẹ́ pín in á rí i pé iṣẹ́ ìwé jẹ́ ti ẹnì kan, ìgboyà òṣèlú jẹ́ ti ẹnì kejì. Àríyànjiyàn pé ẹkùn wo ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò yẹ kó gba àyè: ti Ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1957.

Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ títí dé ọdún 18 wà nínú ètò ìjọba kan náà, ó sì jẹ́ ètò ìṣúná ju òfin lọ.

Lórí iṣẹ́, Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954 pé sílè márùn-ún lójúmọ́ ni owó tó kéré jù tí òun máa san fún lébìrà rẹ̀. Kò sí ẹkùn mìíràn tó tíì san tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí ẹkùn àti ìjọba àpapọ̀ jọ lágbára lé lórí. Òfin ìlú ọdún 1979 ló kó o kúrò: owó oṣù tó kéré jù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ààbò lẹ́nu iṣẹ́ àti ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ di ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, òfin ìlú 1999 kò sì yí i padà. Ẹni tó bá ń wá òfin iṣẹ́ láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́yìn 1979, tí ó sì ń yà á lẹ́nu pé wọn kò pọ̀, ìdí rẹ̀ nìyí. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìpínlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àti ohun tó bá lè gbà wọlé láti ẹnu ọ̀nà mìíràn, bí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara tàbí ìlera.

Láàárín 1966 àti 1979, ìjọba ológun pín àwọn ẹkùn sí ìpínlẹ̀, wọ́n fi àṣẹ ṣe òfin, wọ́n gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976.

Nígbà tí àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gorí àlééfà ní 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Jákàńdè ní Èkó, Ọnàbánjọ ní Ògùn, Ajáṣin ní Oǹdó, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, wọ́n kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: wọ́n kéde. Èkó ni wàhálà pọ̀ sí jù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pín ilé-ẹ̀kọ́ kan lò, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, níbòmíràn ìpín mẹ́ta lójoojúmọ́. Jákàńdè kọ́ kíláàsì gbọọrọ gbọọrọ tí òrùlé wọn kò ga, káàkiri ìpínlẹ̀, títí ìpín náà fi dópin. Àwọn alátakò pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Orúkọ náà kò dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kò tún ní dúró de ẹlòmíràn kó tó kàwé.

Ìjọba kan náà fi lẹ́tà kan tó kọ ní 26 oṣù Kẹta ọdún 1980 sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni máa kásẹ̀ nílẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ìjọ Kátólíìkì, Anthony Olúbùnmi Okogie, àti àwọn mìíràn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé lóòótọ́ ni òfin ìlú ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n apá tó sọ bẹ́ẹ̀ kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ èrò rẹ̀ kó sì tan ìmọ̀ ká, ilé-ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ọ̀nà kan fún ìyẹn. Inú àkójọ ẹjọ́ ọdún 1981 ni ìdájọ́ náà wà. Títí di òní, orí rẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ń dúró sí bí ìjọba bá fẹ́ lé aládàáni kúrò nínú ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń sọ pé “òfin” Jákàńdè ni ilé ẹjọ́ wọ́gi lé kò tọ̀nà, lẹ́tà ni. Ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, nítorí pé kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn 1999, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003 àti òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní 2004, ó sì kù sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ láti ṣe tiwọn. Lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò pẹ́ rárá. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, owó ló yá wọn lára: ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì ṣe òfin, tí kò sì mú owó tirẹ̀ sílẹ̀, kò ní rí gbà nínú owó ìrànlọ́wọ́ àpapọ̀. Nínú òfin 2004, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí ni àkọ́kọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹni tó bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè san ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó àga àti owó ìdánwò kò tíì yéé wọlé, orúkọ wọn nìkan ló yí padà.

Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Èkó ṣe ní 2011 ṣáájú ti ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní 2019. Ó wọ ibi iṣẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tí a sọ lókè: agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ tó 100 gbọ́dọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú 100 àyè iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún wọn. Òfin tó ká sìgá mímu lọ́wọ́ kò ní ìgboro tẹ̀ lé e ní 2014. Ìsinmi ìbímọ oṣù mẹ́fà, àti ọjọ́ 10 fún bàbá ọmọ, tí Èkó gbà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ ní ọdún kan náà, kì í ṣe òfin rárá: ètò ìjọba fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni, iléeṣẹ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Lórí ìlera, Èkó ṣe òfin ètò adójútòfò ìlera ní 2015. Òun ló bí àjọ tó ń bójú tó “Ìlera Èkó”. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ní 2018, òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni, gba ìbuwọ́lù.

Ìkéde kò dáwọ́ dúró. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, ó sì ní kí gbogbo ọmọ máa wọ aṣọ kan náà. Ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yí i padà. Ní Ọ̀yọ́, ₦3,000 tí òbí ń san lọ́dọọdún lórí ọmọ dópin lọ́jọ́ tí Mákindé gorí àlééfà ní 2019, láti ẹnu gómìnà.

Àwọn ìgbésẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé kò pọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àbádòfin kan ní Àbújá fẹ́ gbé owó oṣù tó kéré jù kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tú sí ìgboro, nítorí wọ́n gbà pé gómìnà kọ̀ọ̀kan á máa san ohun tó bá wù ú. Òfin adójútòfò ìlera àpapọ̀ ti 2022 sọ ọ́ di dandan, gómìnà Èkó sì fi àṣẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù Keje ọdún 2024. Ní oṣù kan náà ni òfin tuntun gbé owó oṣù tó kéré jù dé ₦70,000, tí wọn yóò máa yẹ̀ wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Òfin àpapọ̀ kò dí ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀: Èkó kéde ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000.