Ilẹ̀ Àpáàdì

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ló ti rí àpáàdì láìpẹ́ yìí nínú yín? Èyí tí ìyá mi àgbà fi ń fọn iná lèmi mọ̀, àfìgbà tí mo dé Ilé-Ifẹ̀.

Ilé kan nígboro ni mo gbà. Lọ́jọ́ kan, onílé wa ní kí wọ́n gbẹ́ ṣalángá tuntun. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí ọkọ́ fi dún gbàà. Àpáàdì ni! Wọ́n tò wọ́n lóròó, wọ́n fún mọ́ra pinpin, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èkejì dà sósì, bí eegun ẹja. Onílé ní kí wọ́n fọ́ ọ jàre, iṣẹ́ ń dúró. Èmi náà he ẹyọ kan, mo ní màá fi kọ ewì.

Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni àwọn àgbà Ifẹ̀ sọ pé ó ṣe é. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ló bá pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn o! Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìran ni, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400.

Kì í sì í ṣe títì nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àgbàlá, wọ́n a tún ri ìkòkò mọ́ àárín àwọn kan. Ògiri amọ̀ ti wó, ó ti di ilẹ̀ padà. Ilẹ̀ àpáàdì yìí ni Peter Garlake tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Ọbalára, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó fi mọ bí ilé ibẹ̀ ṣe rí. Ní Ìta Yemòó, lọ́dún 1957, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ló kan ère idẹ. Ọkọ́ ló bà á níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí Frank Willett wá walẹ̀ síbẹ̀.

Tiwa kẹ̀? Ibi tí àpáàdì gbà lọ, bó ṣe gùn tó, ibi tó ti dúró, òun la fi ń mọ̀ bóyá títì ni àbí àgbàlá. Àpáàdì kan ṣoṣo lórí tábìlì ò lè sọ ìyẹn.

Wọ́n ti da kọnkéré bo ihò náà. Ẹyọ tí mo he ṣì wà lọ́dọ̀ mi, n ò tíì kọ ewì kankan. Mo máa ń dì í mú, mo máa ń gbìyànjú láti rántí: ṣé apá ààfin ni eegun ẹja yẹn kọjú sí, àbí ibòmíràn? N ò wò ó dáadáa lọ́jọ́ náà.