Kí Èpò Tó Yọrí

"Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà lọ́wọ́ ẹni." Àkókò ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Àdá tó tó ọ̀dọ́ ìrókò gé kò lè ṣe àgbà ìrókò ní nǹkan kan.

Èpò kan wà ní Amẹ́ríkà tí kékeré gan-an ti pẹ́ jù fún. Crabgrass ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó nílé ní Maryland ló sì ti bá a jà nínú koríko iwájú ilé wọn. Òtútù ní í pa á lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kó tó kú, ìdí kan ṣoṣo lè ti gbọn irúgbìn tó 150,000 sílẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ ká a mọ́.

Iṣẹ́ tí àwọn oògùn èpò bíi prodiamine, pendimethalin àti dithiopyr ń ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irúgbìn ni wọ́n ń pa. Rárá o. Irúgbìn á hù, ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò tuntun bá ti kan oògùn tó wà lókè ilẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹnu gbòǹgbò náà kò ní lè pín mọ́, ọmọ èpò á sì kú kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Èyí tó ti yọrí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dithiopyr nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì lè mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tíì pẹ̀ka.

Nígbà wo wá ni kí a fọ́n oògùn náà? Ìgbóná ilẹ̀ ni kí a wò. Bó bá ti tó 55 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, irúgbìn ti ń hù nìyẹn. Ní Maryland, láti oṣù Kẹta sí àárín oṣù Kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí. Àwọn ará ibẹ̀ ní àmì tiwọn: igi forsythia olódòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, kí òdòdó rẹ̀ tó rẹ̀ dànù, kí oògùn ti wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjò tàbí omi ẹ̀rọ tó tó ìdajì ínǹṣì ni yóò gbé e wọlẹ̀. Pendimethalin tó bá jókòó sójú ilẹ̀ lásán, oòrùn á bà á jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ènìyàn ń fọ́n oògùn yìí àti irúgbìn koríko tuntun papọ̀ ní ìgbà ìrúwé kan náà, wọ́n á wá ní irúgbìn tí àwọn rà kò dára. Oògùn náà kò mọ irúgbìn tí a rà yàtọ̀ sí ti èpò. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ pá, kó fọ́n irúgbìn rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ má sì jẹ́ kí oògùn náà dé ẹ̀bá ebè ọ̀gbìn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kéré, òkè ilẹ̀ ni a ń fọ́n wọn sí, níbi tí oògùn náà ń dúró sí fún ọ̀pọ̀ oṣù.