Ta Ló Ní Kí A Má Tú U? Ìtàn Ẹ̀rọ Géèmù Alágbèéká Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Ṣe

Ní ọdún 2000, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heckendorn, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, tú ẹ̀rọ géèmù Atari 2600 palẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni Atari yìí, láti ọdún 1977 ni ó sì ti wà lọ́jà. Heckendorn gé inú rẹ̀ kúrú, ó fi ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré àti bátìrì sí i, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjì dì mú kó máa fi ṣeré níbikíbi. Kì í ṣe ẹnjiníà Atari. Iṣẹ́ ayàwòrán ni ó fi ń jẹun. Nígbà tó ṣe é tán, kò fi ìmọ̀ náà pamọ́: ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn rí i, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn. Ní 2005, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, Hacking Video Game Consoles.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré. Èsì wa ni pé ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn eré. Ó jẹ́ ìtàn ẹni tó ní àṣẹ láti ṣí ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà, àti ohun tí ènìyàn ń kọ́ nígbà tó bá ṣí i. A ó sì rí i pé àwọn ẹ̀rọ géèmù fúnra wọn, láti ọwọ́ àwọn tó ń tú nǹkan ni wọ́n ti wá.

Ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀

Ní 1966, Ralph Baer, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ Sanders Associates ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí tẹlifíṣọ̀n ṣe ju kí a máa wò ó lásán lọ. Òun àti Bill Harrison àti Bill Rusch ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìdánwò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ènìyàn ń pè ní Brown Box, nítorí pé bébà alálẹ̀mọ́ tó dà bí pákó ni wọ́n fi bo àpótí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Magnavox Odyssey ti jáde ní 1972, ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ilé. Ẹ wò ó dáadáa: àpótí tí wọ́n fi ọwọ́ lẹ bébà mọ́ ni ìyá gbogbo PlayStation.

Ẹnì kejì tó yẹ kí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ni Jerry Lawson. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, Brooklyn ni wọ́n ti bí i ní 1940. Nínú gáréèjì rẹ̀ ni ó ti kọ́ géèmù onímọ́tò kan tó ń gba owó ẹyọ, tó pè ní Demolition Derby. Ó wà nínú Homebrew Computer Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kọ̀ǹpútà ní California, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú kò ti pọ̀ rárá. Òun ni ó ṣe olórí àwọn tó ṣe Fairchild Channel F, tó jáde ní 1976. Ẹ̀rọ yìí ni ó kọ́kọ́ lo kásẹ́ẹ̀tì géèmù tó ní ètò tirẹ̀ nínú, tí ènìyàn lè yọ ọ̀kan kí ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Atari tó jáde lọ́dún kejì, ojú ọ̀nà yẹn náà ni ó tọ̀.

Ohun tó wà nínú Atari

Kí ló dé tó jẹ́ pé Atari 2600 ni ó rọrùn láti gé kúrú? Nítorí pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. IC ńlá mẹ́ta ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni 6507, tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Èkejì ni TIA, tó ń ya àwòrán tó sì ń ṣe ohùn. Ẹ̀kẹta ni RIOT, tó ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń sọ, tó sì tún ń tọ́jú ìrántí. Ìrántí yẹn jẹ́ báìtì 128 péré. Bí ẹ bá tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo tó gùn díẹ̀ sórí WhatsApp, pẹ̀lú àmì ohùn Yorùbá lórí rẹ̀, ó ti lè ju ohun tí Atari lè rántí lọ.

Pẹ̀lú ìrántí kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà kò lè tọ́jú odindi àwòrán kan. Ìlà kan ni ó ń yà lẹ́ẹ̀kan. Bí iná tẹlifíṣọ̀n bá ti ń sáré kọjá lójú gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ géèmù náà gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó kàn fún TIA kí ìlà tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ yìí tó sì lóye rẹ̀ ti kọ́ ohun tí kì í sábà yé ènìyàn láti inú ìwé nìkan.

Ilé-iṣẹ́ náà gbìyànjú

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò ronú nípa géèmù alágbèéká. Ní 1989, Nintendo gbé Game Boy jáde. Gunpei Yokoi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ṣe é, èrò Yokoi sì ni pé kí a mú ohun tó ti pẹ́, tó ti pọ̀, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, kí a wá ibòmíràn lò ó sí. Ìdí nìyí tí Game Boy kò fi ní àwọ̀. Bátìrì mẹ́rin péré ni ó ń gbà, wọ́n sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Atari Lynx àti Sega Game Gear ní àwọ̀ àti iná lójú, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ tán.

Ní 1995, Sega ṣe Nomad, ẹ̀rọ alágbèéká tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì Genesis inú ilé gan-an. Ohun tí àwọn afọwọ́ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Àmọ́ bátìrì mẹ́fà ni òun náà ń gbà, ó sì wọ́n, ọjà rẹ̀ kò sì tà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé Atari rẹ̀ àtijọ́ dání kò rí ilé-iṣẹ́ kankan tó máa ṣe é fún un. Àfi kí ó ṣe é fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti iná. Fóòtì 9 ni ó ń wọ inú Atari, ṣùgbọ́n fóòtì 5 ni àwọn IC rẹ̀ ń lò. IC kékeré kan tó ń jẹ́ 7805 ni ó ń dín in kù, ọ̀nà tó sì ń gbà dín in kù ni pé ó ń sọ fóòtì 4 tó kù di ooru. Nínú ilé tí iná wà, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lórí bátìrì, ó túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbára tó ń lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ afọwọ́ṣe fi ń yọ 7805 kúrò, tí wọ́n sì ń fi ohun tí kì í fi iná ṣòfò rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti àwòrán. Atari ń sọ àwòrán rẹ̀ di ìgbì bíi ti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí tẹlifíṣọ̀n lè gbà á láti ibi eriali. Ẹni tó ń ṣe alágbèéká kò nílò ìrìnàjò yẹn. Yóò wá ojú ibi tí àwòrán ti ń jáde lára TIA, yóò gba á níbẹ̀ kó tó di ìgbì, yóò sì fi wáyà gbé e lọ sójú kékeré tó fẹ́ lò.

Iṣẹ́ kẹta ni ti ọwọ́. Ọ̀pá ìdarí Atari kò ju bọ́tìnnì márùn-ún lọ nínú: òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, àti ìyìnbọn. Wáyà ni ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì èyíkéyìí lè rọ́pò wọn.

Lẹ́yìn èyí ni gígé pánẹ́ẹ̀lì, títún wáyà so níbi tí ayùn ti gé ọ̀nà iná, àti kíkọ́ ilé tí gbogbo rẹ̀ máa wọ̀. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán. Wáyà kan tó fara kan èkejì tó láti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀

Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́ ní ẹ̀sùn kan, ẹ̀sùn wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀rọ tí a bá gé ti kú nìyẹn, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó tún ń ṣe òmíràn. A gbà pẹ̀lú wọn dé ibì kan. Ẹ̀rọ tó ṣọ̀wọ́n, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí ayùn kàn án. Ṣùgbọ́n Atari 2600 kò ṣọ̀wọ́n, ó ju mílíọ̀nù 20 lọ tí wọ́n tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fọ́ níta tí inú wọn ṣì pé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ géèmù olówó pọ́ọ́kú tó wọ ọjà wa ní Nàìjíríà nígbà kan, àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì yẹn, àdàkọ Famicom ti Nintendo ni wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, gbogbo iṣẹ́ Famicom ti 1983 ni wọ́n kó sínú IC kan ṣoṣo, tí wọ́n da ohun dúdú roboto lé lórí. Pánẹ́ẹ̀lì wọn kéré, wọ́n sì dára fún alágbèéká. Bí a bá gé ọ̀kan nínú wọn, kò sí ẹni tó máa sunkún.

Láti 2012 tí Raspberry Pi ti jáde, àwọn kan kò tilẹ̀ tú ohunkóhun mọ́. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà kékeré yẹn sínú ike, ètò inú rẹ̀ á sì máa ṣe bí Atari. Ó dára, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Raspberry Pi láṣọ Atari. Àkísà Atari, ìyẹn ooru 7805 àti ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, inú ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó wà.

Ohun tí a rí dì mú

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ̀ pé ìmọ̀ títú nǹkan kò jìnnà sí wa. Ohun tó ń yí padà ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìdè skúrúù ni wọ́n fi pa Atari dé. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òní dé. Orúkọ wà lára IC Atari, ìwé tó ṣàlàyé wọn sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Ọ̀pọ̀ IC òní, ẹni tó ṣe wọ́n nìkan ló mọ ohun tó wà nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, ọmọ tó bá fẹ́ di Lawson lọ́la kò ní rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ géèmù tó ti kú nínú páálí kan nílé yín, ẹ má tíì jù ú sí ààtàn. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì wá skúrú-dírífà. Kódà bí kò bá jí mọ́, ẹ ó ti mọ ohun tó pa á.