Apá Kejì Tí Ń Bojú Wẹ̀yìn

Bí àlejò bá dé Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí ó sì bi onílé pé ọmọ ibo ni, ìdáhùn tí yóò gbọ́ kì í sábà mọ sí Ṣàgámù nìkan. Ẹnìkan yóò ní ọmọ Òfin ni òun, èkejì yóò ní Mákún, ẹ̀kẹta yóò ní Ẹ̀pẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọdún 1872 ni ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ sójú kan láti lè dá ààbò bo ara wọn ní àkókò ogun, tí ibùdó wọn tuntun sì di Ṣàgámù. Ìlú di ọ̀kan, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan kò parẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn Ṣàgámù, dandan ni kí ó kọ́kọ́ padà sí ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Apá kejì ni Ṣàgámù jẹ́ nínú ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀, apá kejì náà kò sì lè yé ni bí a kò bá ṣí apá kìn-ín-ní wò.

A fi ọ̀rọ̀ Ṣàgámù ṣíwájú nítorí pé ó jọ ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ ìtàn àtẹ̀lé ni, ìyẹn ìtàn tí a kọ, tàbí tí a fi ṣe eré, lẹ́yìn tí ìtàn kan ti parí, tí ó sì tún gbé ẹ̀dá ìtàn kan náà tàbí ìdílé kan náà wá síwájú wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń dáhùn: kí ni ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn tí ó dára jù nínú ìtàn àtẹ̀lé tiwa, a ó rí i pé ohun mìíràn ni wọ́n ń bèèrè: báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí? Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọjú sí kí wọ́n tó lọ síwájú; ẹ̀yìn náà sì ni omijé ti ń wá.

Ọ̀nà àlọ́ àti ọ̀nà oríkì

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ń gbà mú ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ padà wá sínú ọ̀rọ̀. Èkíní ni ọ̀nà àlọ́. Ìjàpá lè kú ikú ẹ̀sín lálẹ́ òní. Bí a bá tún pàlọ́ lálẹ́ ọ̀la, Ìjàpá a tún dìde, a tún máa wá ẹni tí yóò rẹ́ jẹ. Kò sí ọmọ tí í bi apàlọ́ pé ṣebí ó ti kú lánàá. Ìjàpá kò ní àná. Èyí ni ó jẹ́ kí ó máa pa wá lẹ́rìn-ín. Òun náà ni kò sì jẹ́ kí á sunkún nítorí rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀nà oríkì. Ẹni tí ń ki ọmọ kì í dúró lórí ọmọ. Yóò yà sọ́dọ̀ bàbá, yóò kọjá sí ilé ìyá, yóò dé orírun, kí ó tó padà wá bá ọmọ tí ó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi padà dé, ọmọ náà kì í ṣe ẹni kan ṣoṣo mọ́: òkú àti alààyè ni ó jọ wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí orí fi máa ń wú ẹni tí a ń kì, tí omi sì lè lé ròrò sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún ìyàwó tí a mọ̀ mọ́ àwọn Ọ̀yọ́. Ilé ọkọ ni ọmọbìnrin ń lọ, síbẹ̀ ohun tí ìyá àti bàbá ti ṣe fún un ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Àkókò tí ìrántí bọ́ sí ni ó fún un lágbára. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún méjì ṣáájú ìgbéyàwó ni ó sun ẹkún náà, ta ni yóò bá a sun ún?

Fágúnwà àti bàbá Àkàrà-oògùn

Nínú ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere, D. O. Fágúnwà ni ó fi ọ̀nà kejì yìí hàn wá kedere jù. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ní 1949, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e. Àkàrà-oògùn, tí a ti bá rìn dé Òkè Láńgbòdó nínú ìwé kìn-ín-ní, tún padà wá bá wa. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìrìn àjò tirẹ̀ mìíràn ni ó fẹ́ ròyìn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-Ayé, ni ó gbé kalẹ̀. Ìwé kejì wá di ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìwé kìn-ín-ní.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ kí á lè mọ ìwúlò ohun tí Fágúnwà ṣe. Níbẹ̀, Àkàrà-oògùn yára sọ fún wa pé ọdẹ ni bàbá òun, àjẹ́ sì ni ìyá òun. Ó sọ ibi tí ìyá náà ti ṣe, bí bàbá ṣe yìnbọn sí ìgalà kan tí ó sì jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni, àti bí bàbá náà fúnra rẹ̀ kò ṣe pẹ́ kú. Ìwọ̀nba ojú ewé ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọmọ tí ń sọ ọ́ kò dúró sunkún. Igbó ni ó ń kánjú lọ. Àwa òǹkàwé náà bá a kánjú, a sì gbà pé obìnrin búburú kan ni ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Igbó Olódùmarè ni ó wá mi ìdájọ́ wa yẹn. Nínú rẹ̀ ni Olówó-Ayé ti pàdé Àjẹ́dìran, tí ọkàn wọn fà sí ara wọn, tí wọ́n sì di tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka ìwé kìn-ín-ní kò lè gbọ́ ọ kí àyà rẹ̀ má já. Ó mọ̀ pé ọwọ́ tí ó di ọwọ́ obìnrin mú yìí ni yóò di ìbọn mú lọ́jọ́ kan. Àwọn méjèèjì kò mọ̀; àwa nìkan ni a mọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé bí ọjọ́ ṣe tò, tí a kọ́kọ́ ka ìfẹ́ kí á tó ka ikú, a ó bá wọn yọ̀, a ó sì bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n bí ikú ti ṣíwájú ìfẹ́ yìí, ayọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó di ohun ìbànújẹ́.

Ìrìn ìtàn náà kò yá. Olówó-Ayé àti Èṣù-kékeré-òde fi ọ̀rọ̀ ko ara wọn lójú pẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ ko ara wọn. Nínú Ògbójú Ọdẹ pàápàá, ọjọ́ méje gbáko ni àwọn ọdẹ fi gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Àwọn olùṣelámèyítọ́ ti sọ ọ́ pé ìwàásù Fágúnwà a máa pọ̀ jù. Òótọ́ wà níbẹ̀: àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí a lè yọ kúrò tí ìtàn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n gbogbo ìfalẹ̀ kọ́ ni àbùkù. Bí orin ṣe ń dá àlọ́ dúró kí ọkàn lè gba ohun tí etí gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn tí yóò wọni lára gbọ́dọ̀ ní ibi ìsinmi. Ìbànújẹ́ tí a kò fún láàyè kò lè jókòó.

Lápàdé àti Ọ̀ṣẹ́túrá

Ọ̀nà àlọ́ náà ní àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọládẹ̀jọ Ọ̀kẹ́dìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì tún gbé e padà nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé kan náà ni, ọ̀ràn mìíràn ni. Ìtàn ń sáré, ẹ̀fẹ̀ ń jáde, òǹkàwé kò sì ráyè wẹ̀yìn. Bákan náà ni Hubert Ògúnǹdé, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá nínú fíìmù Aiyé ní 1979, tún gbé akọni náà wọ ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ aráyé nínú Jáíyésinmi. A kò tàbùkù irú iṣẹ́ yìí. Ayọ̀ àtirí ẹni ọ̀wọ́n tí kò yí padà kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀rín, ìbẹ̀rù àti ìwúrí ni agbára rẹ̀ wà. Kì í ṣe ọ̀fọ̀.

Jogbo

Àpẹẹrẹ ọ̀nà oríkì nínú fíìmù ni Ṣaworoidẹ, tí ó jáde ní 1999, àti Agogo Èèwọ̀, tí ó tẹ̀ lé e ní 2002. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn méjèèjì, Túndé Kèlání sì ni ó darí wọn. Nínú Ṣaworoidẹ, Lápité di ọba Jogbo láìjẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ májẹ̀mú fún un, kí ó lè rí ìlú kó jẹ; Lágàta, ológun, gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ìlù Ṣaworoidẹ sì pa òun náà lórí oyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Agogo Èèwọ̀, ìlú ti gba òmìnira, ó ń wá ọba rere. Kò sí ìdí tí wọ́n ó fi tún fi ojú Lápité hàn wá kí a tó rántí rẹ̀. Àwọn ìjòyè tí wọ́n bá a jẹun ṣì jókòó sáàfin, aṣọ ńlá ṣì wà lọ́rùn wọn. Àwọn gan-an ni àná tí kò lọ. Ọba Adébọ̀sípò kò lè tún ọ̀la ṣe láìkọ́kọ́ pe àná wá búra. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi parí sí ìbúra. Ọdún mẹ́ta péré ni Nàìjíríà ti kúrò lábẹ́ ìjọba ológun nígbà náà, kò sì ṣòro fún ará ilé kankan láti mọ ibi tí òwe ń lọ.

Ìbojúwẹ̀yìn tí kò ní èrè

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí á kọ ominú sí. Nígbà tí òwò fídíò gbilẹ̀ láàárín wa ní ọdún 1990 sí iwájú, ó di àṣà kí a pín ìtàn kan ṣoṣo sí apá méjì tàbí mẹ́ta, kí olùwòran lè ra kásẹ́ẹ̀tì ju ẹyọ kan lọ. Nínú irú apá kejì bẹ́ẹ̀, a sábà máa ń rí ẹ̀dá ìtàn tí ó gbé ojú sókè, tí a óò sì tún fi ohun tí a ti wò ní apá kìn-ín-ní hàn wá bí a ṣe wò ó. Ìyẹn kì í ṣe ìrántí, àtúnlò ni. Ìbojúwẹ̀yìn tòótọ́ gbọ́dọ̀ mú ohun tí a kò mọ̀ bọ̀, tàbí kí ó mú kí á fi ojú mìíràn wo ohun tí a ti mọ̀. Oríkì tí kò sọ nǹkan kan fún ọmọ nípa ara rẹ̀, ariwo lásán ni.

Eré àwọn ọmọ òde òní

Àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ní òkè òkun náà ti bá ìṣòro yìí pàdé. Ọ̀nà àlọ́ ni púpọ̀ nínú eré náà ń tọ̀: Mario, tí Super Mario Bros. sọ di olókìkí ní 1985, a máa kú, a sì máa dìde bí Ìjàpá. Ṣùgbọ́n The Last of Us, tí ó jáde ní 2013, gba ọ̀nà mìíràn nígbà tí apá kejì rẹ̀ dé ní 2020. Joel, tí ó di bàbá fún ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ellie ní apá kìn-ín-ní, ni wọ́n pa ní kùtùkùtù ìtàn. Bí Ellie ṣe ń wá ẹ̀san kiri ni ìtàn ń dá ẹsẹ̀ dúró, tí ó ń padà sí àwọn ọdún tí òun àti Joel jọ lò. Lẹ́yìn náà ni eré mú ọjọ́ mẹ́ta tí a ti lò tán, tí ó tún un lò láti ojú Abby, ọmọ oníṣègùn tí Joel pa tẹ́lẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta eré náà pé a dá àwọn dúró. Ṣùgbọ́n ìrántí tí wọ́n fi pamọ́ dé òpin, alẹ́ tí Ellie sọ fún Joel pé òun fẹ́ gbìyànjú láti dárí jì í, kì bá tí wúwo tó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi síwájú. Bí a ti mọ ikú kí á tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì ni a ti mọ ikú Àjẹ́dìran kí á tó rí ìfẹ́ rẹ̀.

A kò sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ka Fágúnwà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọgbọ́n tí ayé ń náwó rẹpẹtẹ lé lórí lónìí wà nínú ilé wa, nínú oríkì àti nínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní 1949. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń kọ ìtàn fún fíìmù àti fún eré. Bí ó bá jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì tí a fà gùn nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn yóò rò pé wíwẹ̀yìn ni ó ń ba ìtàn jẹ́, wọn yóò sì máa sáré ṣáá. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè yìí ni láti fi hàn wọ́n pé bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ìtàn tí ó bá dé apá kejì ti dàgbà. Ó yẹ kí ó lè wo ẹ̀yìn.