Òrùlé tí kò gba igi: ìtàn ilé alámọ̀ láti aṣálẹ̀ Íjíbítì

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí n ti orí àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí dípílómà, wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan. Mo bá ilé kan níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ń kó iṣu àti àgbàdo pamọ́ sí. Ilé alámọ̀ ni. Wọ́n tẹ́ igi sókè yàrá, wọ́n da amọ̀ lé igi náà lórí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí àjà, wọ́n sì fi koríko bo òkè ilé. Mo ní kí wọ́n tú àjà náà dànù, kí wọ́n kan páànù bí ọmọ aráyé. Wọ́n gbọ́ tèmi, nítorí èmi ni ọ̀gá àgíríkì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, inú ilé náà gbóná bí inú ààrò. Iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èbù rọ, ó sì ń jẹrà láti inú wá. Wọn kò bú mi. Ìyá àgbà kan kàn bi mí pé, “Ọ̀gá àgíríkì, kí ni àjà yẹn fi ṣẹ̀ yín?”

N kò rí èsì fún un. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn ọkùnrin ará Íjíbítì kan tí òun náà kàwé, tí òrùlé sì wó lé e lọ́wọ́.

Hassan Fathy ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Alexandria ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1900. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àtiwọlé, ni ó bá kọrí sí ẹ̀kọ́ àwòrán ilé yíyà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa rí.) Ní oko ẹbí rẹ̀ ni ó ti rí irú ahéré tí àwọn lébìrà oko ń gbé, ọ̀rọ̀ wọn sì ká a lára. Ó wo ọ̀ràn náà títí, ó rí i pé kì í ṣe ògiri ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Amọ̀ kún etí odò Náílì, àgbẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀ lè fi mọ ògiri. Òrùlé ni wàhálà. Íjíbítì kò ní igbó bí tiwa, òkè òkun ni pákó ti ń wá, owó ni wọ́n sì ń fi rà á.

Ní ọdún 1941, ó ń kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko sí Bahtim nítòsí Káírò, fún ẹgbẹ́ ńlá kan tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ ọba Íjíbítì. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Pákó kò wọlé mọ́, irin kò wọlé mọ́. Ògiri ti dúró, kò sí ohun tí wọn yóò fi bo orí rẹ̀. Fathy rò ó pé ṣebí bíríkì amọ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn fi ṣe òrùlé. Ó ní kí àwọn bíríkìlà rẹ̀ fi bíríkì amọ̀ ṣe òrùlé tí ó tẹ̀, bí àgbá epo tí a là sí méjì tí a wá da ojú ìdajì rẹ̀ délẹ̀. Ó wó. Ó yẹ kí igi gbé e ró nísàlẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ, igi yẹn gan-an ni kò sì sí.

Arákùnrin rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ níbi ìdídò Aswan, ní ìhà gúúsù Íjíbítì. Òun ni ó sọ fún un pé àwọn ará Nubia tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ń ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láìfi igi kankan gbé e. Fathy wọkọ̀, ó lọ. Nínú ìlú Aswan kò rí nǹkan kan tí ó jọ ọ́. Ó sọdá odò sí abúlé Gharb Aswan, ó sì bá ilé rẹpẹtẹ, ilé amọ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òkè, ó mọ́, ó tutù, wọ́n sì ya ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ìrìn-àjò kan náà ni ó dé Luxor, tí ó rí àká ọkà Ramesseum, tẹ́ḿpìlì Ọba Ramesses Kejì. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi ṣe òrùlé àká náà, ìdajì àgbá ni, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí ó ti wà lórí ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún àká ṣe lọ́dọọdún, ẹ gbọ́ èyí.

Ó wá àwọn ọ̀mọlé tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà kàn. Ọ̀kan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ ni Boghdadi Ahmed Ali. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mọ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé ibi tí òrùlé yóò ti gbéra, wọ́n á mọ ògiri ẹ̀yìn ga jù ú lọ. Wọ́n á fi amọ̀ tútù ya ìtẹ̀ òrùlé sára ògiri ẹ̀yìn yìí. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bíríkì òrùlé kò rí bíi ti ògiri, ó fẹ́lẹ́: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ní gígùn, 15 ní ìbú, 5 péré ní nínípọn, pòròpórò tí a gé wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú amọ̀ rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Kí ó tó gbẹ, wọ́n á fi ìka fa ìlà sí i lójú, kí amọ̀ tútù lè rí ibi dì mú.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà ni pé wọn kì í to ìlà bíríkì àkọ́kọ́ ní òòró gangan. Wọ́n á jẹ́ kí ó fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìn. Ìlà kejì á fẹ̀yìn ti ìkíní, ìkẹta á fẹ̀yìn ti ìkejì, bí ìwé ti í fẹ̀yìn ti ara wọn lórí pẹpẹ. Kò sí èyí tí kò rí ibi fara tì, nítorí náà kò sí èyí tí ń já bọ́. Fathy ní ọjọ́ kan àti àbọ̀ ni àwọn ọ̀mọlé méjì fi parí òrùlé yàrá kan. Òun tí ó ti lọ sí yunifásítì dúró, ó ń wo wọ́n.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò retí iná ìjọba kí ó tó tutù. Ní ọdún 1964, wọ́n kọ́ àwọn yàrá ìdánwò sí Káírò, ọ̀kan jẹ́ bíríkì amọ̀ látòkè délẹ̀, òmíràn jẹ́ kọnkéré. Láàárín wákàtí 24, ooru inú yàrá alámọ̀ kò sún ju dígíírì 2 lọ. Ti oníkọnkéré gòkè dé dígíírì 36, ó fi dígíírì 9 gbóná ju ìta lọ. Bí ilé alámọ̀ bá sì wá gbó, kò sọnù. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì a máa hú amọ̀ ilé tí ó ti wó lọ dà sí oko bí ajílẹ̀. Sebakh ni wọ́n ń pè é.

Ìtàn náà kò wá dùn bẹ́ẹ̀ títí o. Ní ọdún 1945, ìjọba ní kí Fathy kọ́ abúlé tuntun fún àwọn ará Gourna, bí ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn, tí ń gbé lórí ibojì àwọn ará àtijọ́ nítòsí Luxor. Ìjọba fẹ́ kó wọn kúrò nítorí wọ́n ń wú ohun inú ibojì tà. Fathy kó àwọn ọ̀mọlé láti Nubia wá, ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ọjà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé. Àwọn ará Gourna kò fẹ́ lọ. Oúnjẹ wọn wà ní ibi tí wọ́n wà, òrùlé rogodo tí ó fi sórí àwọn ilé kan sì jọ ti ibojì lójú wọn. Nínú ìwé tí Fathy kọ, ó ní wọ́n tilẹ̀ gé òkìtì tí ń dá omi dúró, kí omi lè wọ abúlé tuntun náà. Ní ọdún 1948, iṣẹ́ dúró láìparí. Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kò ṣàì kan ìjọba: ta ni ó bi àwọn onílé léèrè kí wọ́n tó gbé ilé fún wọn?

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ará Nubia fúnra wọn. Nígbà tí Íjíbítì ń ṣe ìdídò gíga ti Aswan, ní ọdún 1963 sí 1964, wọ́n kó bí ẹgbẹ̀rún 50 nínú wọn kúrò ní ilẹ̀ baba wọn lọ sí agbègbè Kom Ombo. Ilé olókùúta tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn tí wọ́n kọ́ ẹlòmíràn ní ilé tútù ni wọ́n wá kó sínú ooru.

Fathy kú ní ọdún 1989. Ní ọdún 2000, bíríkìlà ará Faransé kan, Thomas Granier, àti àgbẹ̀ ará Burkina Faso kan, Séri Youlou, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń kọ́ni ní òrùlé Nubia yìí. Igi ìkọ́lé ti ń tán ní ilẹ̀ ọ̀dàn wọn, páànù sì ń jó wọn lórí. Wọ́n dín iṣẹ́ náà kù kí ó lè tètè yé ènìyàn, wọ́n na okùn gba àárín yàrá tí a fi ń tọ́ ìtẹ̀ òrùlé. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti kórè tán, wọ́n á gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á gun orí ògiri títí òjò yóò fi tún dé, wọ́n á sì gbowó iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ni ó ti dìde bẹ́ẹ̀ ní Burkina Faso, Mali, Senegal, títí dé òkè ilẹ̀ Benin.

Ẹ má ṣe tìtorí ìwé yìí lọ mọ òrùlé amọ̀ sí Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú o. Òjò wa pọ̀ jù fún un. Àwọn ará Burkina pàápàá, ọ̀rá ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ amọ̀ ìrẹ́lé òkè, wọ́n sì ń tún un rẹ́ lóòrèkóòrè. Tiwa ni àjà. Páànù lókè kí òjò má bà á, àjà nísàlẹ̀ kí ooru má wọlé.

Mo padà sí abúlé yẹn lọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá kan ṣì wà níbẹ̀ tí ó mọ bí a ti ń tẹ́ àjà. Ó ní igi àyìn ni kí a gé, nítorí ikán. Ó ní kí a po amọ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí a tún un pò kí a tó dà á. Èmi náà wọ inú amọ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìyá àgbà ọjọ́sí jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò mí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e, wọ́n kó èbù wọn padà síbẹ̀.