Èérí Ògì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríṣi ebi méjì ni ó wà. Èkíní a máa kígbe: ikùn tí ó ṣófo ni. Èkejì kì í kígbe: ọmọ jẹun yó, ó sùn, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń ṣàìní. Ebi kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó wọ ilé wa rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1977, nígbà tí mo ṣì kéré ní agboolé wa ní Ọ̀yọ́, àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ẹsẹ̀ àti ní ojú. Irun orí rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́lẹ́. Awọ ara rẹ̀ ń bó. Kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mìíràn lé e ni. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àwọn kan ní aràn ni. Ìyá tí ó bí ìyá wa, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ní kí a gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú tiwọn. Ohun tí ó ya ìyá wa lẹ́nu ni pé nọ́ọ̀sì tí ó gbà á kò kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́. Ó ní, “Ìyá ọmọ, kí ni ẹ ń fún un jẹ?” Ìyá wa dáhùn pé, “Ẹ̀kọ ni, mà. Ó sì ń jẹ ẹ́ yó.” Nọ́ọ̀sì ní, “Yíyó kọ́ ni mo bi yín o, ìyá.”

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún 1907 tí Dókítà George Green ti dé ìlú náà gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi ni iṣẹ́ ìwòsàn ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni Ruth Kersey ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú sí orí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọmọ tí kò rí ọmú mu kò lè ṣàìbi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ọmọ ń jẹ.

Àìsàn àbúrò mi ní orúkọ. Dókítà Cicely Williams, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ní ọdún 1933. Nígbà tí ó di ọdún 1935, ó pè é ní kwashiorkor. Ọ̀rọ̀ àwọn Gáà ni. Ohun tí wọ́n fi ń pè ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá ti mọ ìdí àìsàn náà kí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Inú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni wọ́n tọ́jú ìmọ̀ wọn sí. Ẹ̀kọ àgbàdo ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó tọ́jú náà ń jẹ.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀kọ? Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ṣe ògì. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì sẹ́ ẹ. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú asẹ́ ni èérí. Èèpo àgbàdo àti ìdí hóró níbi tí ó ti ń hù a máa bá èérí lọ, púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní purotéènì, a sì máa bá wọn lọ. Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 purotéènì lọ. A da èérí fún ewúrẹ́, a fi omi po ìyókù, a fún ọmọ. Ewúrẹ́ ilé wa sanra lọ́dún náà.

Nọ́ọ̀sì náà kò ní kí ìyá wa sá fún ẹ̀kọ, kò sì ní kí ó ra wàrà inú agolo tí owó rẹ̀ kò ká. Ó ní kí ó lọ ẹ̀pà díndín kúnná sínú ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó máa fi móínmóín tàbí ẹ̀kuru tì í, kí ó sì fi epo pupa àti ẹ̀fọ́ sí i. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí a kò lè rí rà ní ọjà Akẹ̀sán. Láàárín oṣù díẹ̀, àbúrò mi ń sáré.

Ọgbọ́n kan náà ni Dókítà David Morley lò nígbà tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, láàárín ọdún 1956 sí 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó ń ya ìlà ìdàgbàsókè wọn sórí káàdì, ó sì ń fi káàdì náà sí ọwọ́ ìyá. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló ti lo irú káàdì bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Òṣùwọ̀n àti bébà ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún ìyá ní ojú láti rí ebi tí kì í kígbe.

Ìtàn ẹ̀wà sóyà tún jẹ́rìí sí i. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti gbìn ín wò ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ènìyàn wa kò kà á sí oúnjẹ: ó pẹ́ kí ó tó jinná, òórùn rẹ̀ kò sì bá wa lára mu. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì po ìdá 7 àgbàdo mọ́ ìdá 3 sóyà, wọ́n sì ṣe ògì onísóyà. Láti ọdún 1987, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe máa sè é nínú oúnjẹ tí wọ́n ti mọ̀. Lónìí, sóyà ti di ìrú níbi tí igi igbá ti wọ́n. Ó ti di wàrà, tí omi kíkan orí ògì sì ń mú un dì gẹ́gẹ́ bí omi ewé bòmubòmu ti ń mú wàrà àwọn Fúlàní dì. Àlejò tí ó wọ aṣọ onílé ni a gbà sílé.

Ṣùgbọ́n n kò ní pọ́n àṣà wa kọjá bí ó ti yẹ. Àṣà yìí náà ni ó sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Baba ni ó ń jẹ ẹran, ọmọ a sì máa lá ọbẹ̀. Ọmọ kan ṣáájú àbúrò mi yìí tí ó wú bẹ́ẹ̀, tí ó pọ́n lórí bẹ́ẹ̀, tí ó sì kú. Àbíkú ni a pè é. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí a pè ní àbíkú ni ebi pa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, kò pe ọmọ náà ní àbíkú mọ́. Ó kàn máa ń sọ pé, “N kò mọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí ni ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń bu gbẹ̀gìrì lé àmàlà kò ka ìwé kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀wà ń gbe ẹ̀lùbọ́ lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ náà wà nílẹ̀. Àìmọ̀ àti ètò àbọ́ ni ó ń pa ọmọ. Lónìí tí a ń fi màgí rọ́pò ìrú, tí a sì ń fi oúnjẹ inú ọ̀rá rọ́pò ẹ̀kuru nítorí pé ó yá, ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín àwa tí a kàwé àti ẹni tí ó da èérí fún ewúrẹ́? Ẹni tí kò mọ̀ ní àwáwí. Àwa ti mọ̀.