Igun Mẹ́rin Kọ̀ǹténà: Ìtàn Ìdè Tí Ó Dé Tin Can Island

Ọmọrí tí a ṣe fún ìkòkò kan kì í sábà bá ìkòkò mìíràn mu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà rí. Láti ọdún 1959, mílímítà 46.5 ni àlàfo tí ó wà láàrin ẹnu lẹ́ǹsì Nikon àti fíìmù. Nígbà tí Canon gbé ẹnu EF tirẹ̀ jáde ní 1987, mílímítà 44 ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo lẹ́ǹsì Nikon lórí irú Canon bẹ́ẹ̀ yóò fi òrùka irin dí ìyàtọ̀ mílímítà 2.5 náà. Bí òrùka kò bá ṣe déédéé, àwòrán ni yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní èbúté Tin Can Island, ní Àpápá, ìsopọ̀ mìíràn wà tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́.

Sìmẹ́ǹtì ni ó bí èbúté náà. Ní 1975, ìjọba ológun ti ra sìmẹ́ǹtì tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni agbára èbúté Èkó kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sórí òkun, wọ́n ń retí àyè. Wọ́n sáré kọ́ Tin Can Island, wọ́n sì ṣí i ní 1977.

Àsìkò náà ni kọ̀ǹténà ń gba òwò òkun. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal-X ti Malcom McLean kó 58 irú àpótí bẹ́ẹ̀ láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà rẹ̀, Keith Tantlinger, ni ó ṣe irin oníhò sí igun àpótí, pẹ̀lú orí irin tí a ń kì bọ ihò náà, tí a sì ń lọ́ títí yóò fi há. Òun ni a ń pè ní twist-lock. Láàrin ọdún 1960 sí 1970, ilé-iṣẹ́ náà yọ̀ǹda ọgbọ́n yìí lọ́fẹ̀ẹ́, àjọ ISO sì sọ ọ́ di ìlànà gbogbo ayé. Àwọn oníkámẹ́rà pa ẹnu lẹ́ǹsì wọn mọ́ fún ara wọn. Igun kọ̀ǹténà di ti gbogbo ayé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ojú títì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tí ó ń kó kọ̀ǹténà ni a kò ṣe fún un rárá. Àpò àti pákó ni a ṣe ẹ̀yìn wọn fún. Àwọn mìíràn ń fi ṣéènì dè é, àwọn mìíràn gbójú lé ìwúwo ẹrù nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa ènìyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn já lu bọ́ọ̀sì níbẹ̀ kan náà, mẹ́sàn-án kú.

Iṣẹ́ alájórin ni àtúnṣe rẹ̀: kí ó jó ìdè mọ́ férémù tí ó lágbára, kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ihò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu. Kí awakọ̀ sì lọ́ ọ há kí ó tó gbéra. Ẹnubodè èbúté ni ó yẹ kí a ti yẹ èyí wò, kì í ṣe abẹ́ afárá. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.